Ẹṣin Tí Péjú Bá Àbúrò Ẹ̀ Mú Dání

"Ẹ ní ẹ máa bá mi mú un dání ni. Ẹ ò sọ pé ẹ máa bá mi jẹ ẹ́."

 Ẹyin sísè ni Péjú ń bó. Ìdajì ẹ̀ ló máa jẹ, ìdajì tó kù á padà sínú fíríìjì, torí Sátidé leré ẹṣin, ó sì ṣì wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Rọra. Mọ́mì ń sùn."

"Mo ti rọra. Ohùn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí, èèrà gan-an ò lè gbọ́ ọ. Ẹ ṣáà fún mi lẹ́ṣin mi."

"Ẹṣin ẹ? Ìwọ lo rà á?"

"Ẹ̀yin lẹ rà á?"

Bí wọ́n ṣe máa ń jà nínú ilé yẹn nìyẹn, wúyẹ́wúyẹ́. Rachael, màmá wọn, nọ́ọ̀sì ni, night shift ló ń ṣe, tó bá sì ti wọlé láàárọ̀ nílé wọn ní Dacula, ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ṣíbí kan abọ́. Láti kékeré ni Péjú àti Akínjídé ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bínú láì gbóhùn sókè. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wíńdò kọjá á rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà.

Àwọn méjì náà ni òbí wọn bí. Péjú lẹ̀gbọ́n, ó ti lé ní márùndínlógójì. Akin làbúrò. Lọ́jọ́ tí ara bá dẹ̀, "Péj" ni Akin ń pè é, wọ́n á jọ máa yẹ̀yẹ́ ara wọn bí ọ̀rẹ́. Ọjọ́ tó bá ti di "ẹ̀gbọ́n", tó di "ẹ" àti "yín", ilé ti ń jó nìyẹn. Àárọ̀ Tuesday yìí, "ẹ" ló fi jí.

Ẹṣin tí wọ́n ń jà lé lórí, Second Offering lorúkọ ẹ̀. Dádì wọn ló sọ ọ́ lórúkọ. Miss Edith, ìyá òyìnbó tó ni ín, ló ní kó sọ ọ́, torí àkọ́bí ìyá ẹṣin yẹn kú, èyí ni wọ́n bí tẹ̀lé e. Àwọn òyìnbó rò pé ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló rẹ́rìn-ín, torí kò sí ọmọ Nàìjíríà tí ò mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá gbé igbá ọrẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì dé, tí kálukú á wá máa wolẹ̀ bíi pé nǹkan ẹ̀ já bọ́.

Eré tí ẹṣin yìí ń sá kì í sì í ṣe eré ẹsẹ̀ lásán. Ọgbà ló ń fò. Wọ́n á to ọgbà sójú ọ̀nà káàkiri pápá, ẹṣin á máa sáré, á máa fò ó níkọ̀ọ̀kan, jọ́kì á wà lórí ẹṣin, Ọlọ́run á wà lókè.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Akin ló ń gun Second. Ọjọ́ kan ló gun ẹṣin mìíràn, ẹṣin yẹn fò, kò fò ó já, ó sì wó lé Akin lórí. Eegun ìbàdí fọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Akin di ọwọ́ Péjú mú, ó ní, "Péj, bá mi mú Second dání." Péjú ní, "Mo ti gbọ́."

Láàárín àwọn jọ́kì tó ń fo ọgbà, ọ̀rọ̀ yẹn wúwo ju ìwé kọ́ọ̀tù lọ. Kò sẹ́ni tí kì í ṣubú nínú wọn. Ẹni tó bá ṣubú á ní kí ẹnì kan bá òun mú ẹṣin òun dání, ẹni yẹn á máa gùn ún, ọjọ́ tí ara bá ti mókun, ẹṣin á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ìjókòó. Ẹni tó mú un dání ló sì gbọ́dọ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ fún ẹni tó ni ẹṣin. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ gbà á padà. Tó bá jẹ́ òun ló lọ tọrọ ẹ̀, ó ti di alágbe nìyẹn, gbogbo ibùso ẹṣin ló sì máa gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni dókítà sọ fún Akin pé ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọdún méjì ló fi ń pín páálí fún oníbàárà láti ẹ̀yìn mọ́tò, tó ń tiro gun àtẹ̀gùn àwọn èèyàn. Irin wà ní ìbàdí ẹ̀ báyìí. Nínú àwọn trainer tó ń kọ́ ẹṣin eré, kò sí èyí tó máa gbé ẹṣin gidi fún ọkùnrin tó ní irin ní ìbàdí, àfi tí wọ́n bá fojú ara wọn rí i lórí ẹṣin tí gbogbo ayé mọ̀. Eré Sátidé yìí ló sì kẹ́yìn títí fall, ìgbà tí ewé igi máa ń rẹ̀, á fi dé.

Akin nílò ẹ̀. Péjú mọ̀ pé ó nílò ẹ̀. Ẹjọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má tíì dá a lẹ́bi o. Ẹ gbọ́ bó ṣe débẹ̀.

Bàbá àgbà wọn, Nathaniel, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì ni. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ta aṣọ, wọ́n ń ta obì, wọ́n ń kọ́ ilé sílé. Òun ń gẹṣin fún àwọn ọ̀gá sójà ní pápá eré. Wọ́n ní kí ló ń wá lórí ẹran, ó ní lórí aṣọ ńkọ́, kí làwọn náà ń wá. Ọmọ ẹ̀, Ernest, inú ibùso ẹṣin ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti fẹ́ Rachael, ibẹ̀ ló ti kọ́ Péjú bí wọ́n ṣe ń jókòó lórí ẹṣin kó tó kọ́ ọ ní ABD. Nígbà tí Jọ́ọ̀sì dàrú, tí wọ́n ń sun ilé, ọkùnrin kan tó máa ń wá ra ẹṣin lọ́wọ́ wọn ló wá ọ̀nà fún Ernest dé Georgia. Ìgbẹ́ ẹṣin ló kọ́kọ́ ń kó. Ó kó o pẹ́. Nígbà tó yá, Miss Edith ní Hampton rí i pé ẹṣin tí ọkùnrin yìí bá ti fọwọ́ kàn kì í ṣàìsàn, ló bá fi í ṣe trainer.

Péjú ò tíì parí high school tó ti ń gẹṣin eré. Ta ló fẹ́ gbé ẹṣin tó dáa fún ọmọbìnrin dúdú tí Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ń rùn Jọ́ọ̀sì? Àjẹkù ni wọ́n ń fún un. Ẹṣin tó ń géni jẹ, tiẹ̀ ni. Ẹṣin tó máa sáré dé iwájú ọgbà tó máa wá dúró gbagidi bí òṣìṣẹ́ tí wọn ò sanwó fún, tí jọ́kì nìkan á fo ọgbà lọ, tiẹ̀ náà ni. Èjìká ẹ̀ ti ṣẹ́ nígbà méjì. Ìhà, ọrùn ọwọ́, eyín iwájú. Àwọn àgbà ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ò sọ pé ibi ilẹ̀ kan náà lèèyàn á máa bọ̀ sí fún ogún ọdún.

Ti oúnjẹ tún wà níbẹ̀, torí jọ́kì ò gbọ́dọ̀ wúwo. Lóṣù January, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá kéde ààwẹ̀, àwọn èèyàn á máa ráhùn, Péjú á máa dúpẹ́, torí ààwẹ̀ àti ìwọ̀n jọ́kì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n parí ààwẹ̀, òun ò parí tiẹ̀. Pásítọ̀ rí i bó ṣe gbẹ, ó ní ẹ wo ọmọ tó ń wá ojú Ọlọ́run, ó bá fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ aládùúrà. Péjú fẹ́ ṣàlàyé. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Akin rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. "Olórí aládùúrà, ẹ̀bà ló ń bá wa jà o."

Ẹṣin nìkan ò sì lè bọ́ ọ. Láàárọ̀ kùtùkùtù á wakọ̀ láti Dacula lọ Hampton lọ gẹṣin ìdánrawò, á padà gba títì márosẹ̀ 75, á gba 285, á já sí 85, á lọ wọ wárẹ́háùsì ní Suwanee títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nínú ooru Georgia, á tan heater mọ́tò, á wọ ọ̀rá ìdọ̀tí sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì kí ara lè làágùn. Àwọn tó wà nínú mọ́tò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ní traffic á máa wò ó, wọ́n á yára ká wíńdò tiwọn sókè.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni Second dé ọwọ́ ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ fo ọgbà nínú eré, ẹṣin yẹn gbé e kọjá bí ẹni gbé ọmọ kọjá gọ́tà. Péjú wá mọ̀ pé látọjọ́ yìí kì í ṣe òun ni ò mọ eré í sá. Àwọn ẹṣin ni. Wọ́n jọ yege lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún yege. Àwọn trainer tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orúkọ ẹ̀ pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "Peggy" ni wọ́n ń pè é.

Nítorí náà, tí àbúrò ẹ̀ bá dìde láàárọ̀ Tuesday, tó ní kí wọ́n fún òun ní nǹkan òun, ẹyin lèèyàn á kọ́kọ́ bó ná.

Dádì ló wọlé bá wọn ní kíṣìn. Ernest kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń rùn bíi koríko gbígbẹ lọ́jọ́ gbogbo, títí kan Sunday. Ó wo Akin, ó wo Péjú.

"Ta ló ní kí o mú un dání?"

"Akin ni, sà."

"Ara ẹ̀ ti yá?"

"Ó ti yá, sà."

"Kí wá ni ẹ̀ ń jà sí? Péjú, ìwọ ni kó o lọ bá Miss Edith lọ́la. Ó ti sọ fún mi tipẹ́ pé òun ò ní dá sí ọ̀rọ̀ yín, ẹni tí o bá dárúkọ fún òun lòun máa gbé sórí ẹ̀. Ẹnu ẹ ni ọ̀rọ̀ ti máa jáde." Ó ṣí fíríìjì, ó rí ìdajì ẹyin tí Péjú tọ́jú, ó jù ú sẹ́nu. "Ẹ má jí ìyá yín o."

Wednesday, Péjú wakọ̀ lọ Hampton. Ìyẹ̀fun yẹ́lò ara igi pine ti kun gbogbo mọ́tò tó wà lójú títì bí ẹni pé wọ́n da gàrí elépo sí wọn lára. Ó ń sín, ó ń wakọ̀, ó ń tún un sọ lọ́kàn: Miss Edith, ẹ gbé Akin sórí ẹ̀ ní Sátidé. Kò gùn. Kò le. Ó sọ ọ́ dé Hampton.

Wọ́n ń dán mọ́tò wò ní Speedway, pápá eré mọ́tò, lọ́jọ́ yẹn, ariwo ẹ̀ ń bọ̀ wá lórí igi bí oyin tí wọ́n fọ́ ilé ẹ̀. Àwọn ẹṣin Miss Edith ò tiẹ̀ gbórí sókè. Miss Edith wà lórí àga ní ìta, ó fún un ní tíì oníyìnyín tí kò ní ṣúgà, torí ó mọ ìwọ̀n ẹ̀. Láti ibi tí wọ́n jókòó sí, Péjú ń rí Second. Ẹṣin náà gbọ́ ohùn ẹ̀, ó rọra rìn wá sídìí ọgbà, ó gbé àgbọ̀n lé orí igi, ó ń wò ó.

Péjú gbé ife sílẹ̀. Ó ní, "Miss Edith, Akin ti gbádùn o. Dókítà ti ní kò sí wàhálà mọ́. Àràárọ̀ ló ń gẹṣin báyìí. Ó ní kí n kí yín."

Lójú àgbàlagbà Ògbómọ̀ṣọ́ èyíkéyìí, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Àgbà náà á dákẹ́ díẹ̀, á ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi, Sátidé yìí ló fẹ́, àbí?" Ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni.

Miss Edith pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Oh, thank the Lord. Bá mi kí i. Sọ fún un pé mo fẹ́ kó wá jẹun níbí lọ́jọ́ kan."

Péjú dúró kí ọ̀rọ̀ náà di odindi nínú ìyá yẹn. Kò di odindi. Ìyá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òjò.

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Péjú ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Supervisor ẹ̀ ní Suwanee, Péjú ò fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ bá a sọ̀rọ̀ rí. "I'm not working Sunday" ló máa ń sọ fún un, gbangba, kò ní fi "ẹ jọ̀ọ́" kún un. Ó mọ̀ pé òyìnbó, ohun tó o sọ ló gbọ́. Ṣùgbọ́n ó jókòó síbẹ̀, ó mu tíì yẹn tán, ó sì sọ fún ara ẹ̀ pé òun ti sọ ọ́.

Nílé, Ernest bi í. "O bá a sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́, sà. Mo ní Akin ti gbádùn."

"Kí ló ní?"

"Ó ní kí n bá òun kí i. Ó ní kó wá jẹun lọ́jọ́ kan."

 Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ernest náà. Èèyàn lọ bá ẹni tó ni ẹṣin, ó ní àbúrò òun ti gbádùn, ẹni tó ni ẹṣin ní kó wá jẹun. Kí ló tún kù? Ó mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí Akin, ó rọ ohùn. "Ó ti fọgbọ́n kọ̀ ọ́, ọmọ mi. Ó ń bẹ̀rù ìbàdí ẹ. Má bínú."

Akin ń wo Péjú. Péjú ń tú okùn bàtà. Ibi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn, gbólóhùn kan péré ni. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó tú okùn kan tán, ó bọ́ sí ìkejì.

"Ẹ ṣeun," Akin ní, ó sì wọ yàrá ẹ̀ lọ.

Sátidé dé. Pápá eré yẹn wà lókè Atlanta, àwọn èèyàn ti wá látàárọ̀, wọ́n ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n gbé ọtí àti adìẹ díndín sí i. Àwọn obìnrin dé fìlà tó fẹ̀ bí agbòòrùn. Ìdajì wọn ò mọ̀ pé ẹṣin wà níbẹ̀. Akin náà wá, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá Dádì fa ẹṣin. Ó di gàárì mọ́ Second fún Péjú, ó fà á wò, ó tún fà á. Gàárì tí ẹlòmíì máa jókòó lé, kò sí ibi tó fi sílẹ̀ tí kò fọwọ́ tọ́ wò.

"Ọgbà tó wà nísàlẹ̀ òkè yẹn, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó gba ọwọ́ ọ̀tún."

"O ṣé."

Wọ́n sáré. Péjú mú un sí àárín, ó jẹ́ kí àwọn tó ń kánjú máa kánjú. Nísàlẹ̀ òkè, ó gba ọwọ́ ọ̀tún, ẹṣin méjì tó gba ọwọ́ òsì kọsẹ̀. Nígbà tó ku ọgbà kan, òun nìkan ló wà níwájú, Second sì ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Wọ́n fò ó. Wọ́n balẹ̀.

Bí wọ́n ṣe balẹ̀ ló mọ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó kàn rí i pé ẹsẹ̀ iwájú kan ò tẹ ilẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹṣin yẹn ṣì fẹ́ máa lọ. Ibi ìparí eré ti wà níwájú, ariwo ti ń ta. Péjú fa ìjánu. Ó fà á, ó ń bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, "Ó tó, ó tó, má lọ mọ́," àwọn tó kù sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń ta ilẹ̀ sí wọn lára. Ó bọ́ sílẹ̀. Second gbé ẹsẹ̀ yẹn dání, ó ń wo ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbà.

Dókítà ẹṣin fọwọ́ tọ́ ọ. Iṣan tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú yẹn ló já. Kò ní kú. Á máa jẹ koríko, á máa rìn káàkiri. Ṣùgbọ́n eré, kò ní sá a mọ́ láyé.

Miss Edith sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Akin ló wà nídìí ẹṣin nígbà tó dé. Ìyá náà fọwọ́ gbá a léjìká, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọkàn mímọ́, bí òyìnbó ṣe ń sọ̀rọ̀, "Mo rò pé ìwọ ni wàá fẹ́ gùn ún lónìí, ọmọ mi. Mo ń retí kí Peggy sọ ọ́, kò sọ ọ́, mo ní bóyá o ò tíì múra tán. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, mi ò bá ti gbé ẹ sórí ẹ̀." Ó lọ wá Ernest.

Péjú wà lẹ́yìn wọn, gàárì lọ́wọ́, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Akin ò yíjú padà kíákíá. "Kí lẹ sọ fún un ní Wednesday?"

"Mo ní o ti gbádùn. Mo ní o kí i."

"Ó tán?"

"Ó tán."

"Òyìnbó lẹ sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún."

"Mo mọ̀."

Ó jọ pé Akin fẹ́ kó jiyàn. Ó dúró dè é. Péjú ò jiyàn. Ẹrẹ̀ wà ní ètè ẹ̀, èjìká ẹ̀ àtijọ́ ń ro ó, ó gbé gàárì sílẹ̀ torí ó wúwo.

"Mare, abo ẹṣin tuntun tí Miss Edith rà," ó ní, "èmi ló ní kí n máa gùn. Gbà á. Lónìí ni màá sọ fún un, màá là á mọ́lẹ̀."

"Èyí tó ń géni jẹ yẹn?"

"Ó máa fi í sílẹ̀ tó bá yá."

"Kò ní fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ní fi í sílẹ̀. Ẹṣin gidi ni mo gbé fún yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fi àjẹkù san án fún mi."

"Níbo lo wá fẹ́ kí n ti rí irú Second?"

"Mi ò mọ̀. Èmi kọ́ ni mo jẹ gbèsè."

Akin lọ sídìí trailer tí wọ́n fi kó ẹṣin wá, ó gbé àpò yìnyín tí wọ́n rà ní gas station wá. Péjú ti kúnlẹ̀ sínú koríko, ó ń tú aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ ẹṣin náà. Akin ju yìnyín sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Kò wo ojú ẹ̀.

"Fall ń bọ̀," ó ní. "Ẹ máa wá irú ẹ̀ fún mi."